Òṣómàáló inú físíìsì: ìbéèrè àti ìdáhùn lórí àwọn ìtúká tó ṣọ̀wọ́n

Iléṣà ni mo ń gbé, físíìsì ni mo fi ń jẹun. Ọjọ́ ti pẹ́ tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́, ìbéèrè ò sì dáwọ́ dúró: láti ẹnu àwọn ọmọ náà, láti ẹnu òbí tó wá san owó, láti ẹnu àwọn tí a jọ ń wọ mọ́tò lọ sí Ilé-Ifẹ̀, àti láti ẹnu ìyá mi tó ń ta ìrẹsì ní Ọjà Atákúmọ́sà. Mo kó èyí tí wọ́n ń bi mí jù síbí. Mi ò tò wọ́n bí ìwé kíláàsì. Bí wọ́n ṣe wá ni mo ṣe kọ wọ́n.

Kí lẹ ń pè ní "ìtúká"? Ṣé kì í ṣe "jíjẹrà" ni àwọn mìíràn ń pè é?

Àwọn kan ń pè é bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn máa ń ṣi ọmọ lọ́nà. Ẹran tó bá máa jẹrà á kọ́kọ́ pẹ́ nílẹ̀, á wú, á rùn. Pátíkù, ìyẹn àwọn èérún tó kéré ju átọ́ọ̀mù lọ, kì í gbó. Ọ̀kan nínú wọn ni múọ́ọ̀nù. Múọ́ọ̀nù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé àti èyí tó ti pẹ́ ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ọgbọọgba ni wọ́n. Bí ọ̀kan ṣe lè túká nísinsìnyí náà ni èkejì ṣe lè túká.

Ìtúká ni kí pátíkù kan dédé di àwọn pátíkù mìíràn. Èyí tó sún mọ́ ọn jù lójú tèmi ni owó ṣíṣẹ́. Bí mo bá mú ₦1,000 lọ bá oníbúrẹ́dì pé kó bá mi ṣẹ́ ẹ, ó lè fún mi ní ₦500 méjì, ó lè fún mi ní ₦200 márùn-ún. Kò sí ẹni tó máa sọ pé ₦500 méjì yẹn ti wà nínú ₦1,000 tẹ́lẹ̀. Nígbà tí múọ́ọ̀nù bá túká, ẹ̀lẹ́ktróọ̀nù kan àti nùtríínò méjì ló sábà máa ń jáde, síbẹ̀ kò sí ẹ̀lẹ́ktróọ̀nù kankan nínú ikùn múọ́ọ̀nù. Òfin àkọ́kọ́ ni pé àròpọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé: agbára tó wọlé ló gbọ́dọ̀ jáde. Bí ₦50 bá dín, ẹnì kan ló mú un.

Owó ti dín báyìí rí. Ní 1930, àwọn onímọ̀ ń wo ìtúká kan tí agbára rẹ̀ kò pé, Wolfgang Pauli sì ní pátíkù kan tí ẹnikẹ́ni kò rí ló ń gbé ìyókù lọ. Ó di 1956 kí Frederick Reines àti Clyde Cowan tó gbá a mú. Nùtríínò nìyẹn.

Kí ló ń mú kí ìtúká kan ṣọ̀wọ́n?

Ẹ padà sọ́dọ̀ oníbúrẹ́dì. ₦500 pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀; ₦5, ta ló tún ń rí i? Ẹ lè máa ṣẹ́ ₦1,000 lójoojúmọ́ fún ọdún gbọọrọ, kí ẹ má gba igba ẹyọ ₦5 rí, bẹ́ẹ̀ kò sí òfin tó ní kó má ṣeé ṣe.

Ọ̀nà tí pátíkù lè gbà túká pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ mú káọ́ọ̀nù, èyí tí George Rochester àti Clifford Butler kọ́kọ́ rí ní Manchester ní 1947. Àwọn ọ̀nà rẹ̀ kan fẹ̀ bí ọ̀nà márosẹ̀, àwọn kan sì jẹ́ ọ̀nà ìgbẹ́ tí koríko ti bò. Ọ̀nà ìgbẹ́ yẹn là ń pè ní ìtúká tó ṣọ̀wọ́n. Lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tó fà á ni pé pátíkù náà kò lè gba ibẹ̀ ní tààrà. Ó ní láti ti ọwọ́ àwọn pátíkù wúwo kan kọjá, àwọn tí wọn kì í yọjú nígbà tí ọ̀rọ̀ bá parí.

Mélòó nínú mélòó?

Ìyá mi ló béèrè èyí, ìrẹsì sì ni mo fi dá wọn lóhùn. Ká ní ẹyọ ìrẹsì kan wọn mílígíráàmù 20. Àpò kílò 50 á ní ẹyọ mílíọ̀nù 2.5 nínú. Ìtúká kan wà tí káọ́ọ̀nù ti ń di páyọ́ọ̀nù kan (pátíkù mìíràn tó fúyẹ́ jù ú lọ) àti nùtríínò méjì. Ìṣirò sọ pé nínú 100 bílíọ̀nù káọ́ọ̀nù, nǹkan bí 8 péré ló máa gba ibẹ̀. 100 bílíọ̀nù ẹyọ ìrẹsì jẹ́ 40,000 àpò. Nínú 40,000 àpò yẹn, ẹyọ mẹ́jọ lẹ ń wá, àwọn ẹyọ kan nínú ìyókù sì jọ ọ́ bí ìbejì.

Màmá mi ní, "Ta ló máa wá ra ìrẹsì tó kù?"

Àwọn tó ń ṣa ìrẹsì yìí ni ẹgbẹ́ NA62 ní CERN, ibùdó ìwádìí pátíkù tó wà lẹ́bàá Geneva. Ẹ̀rọ wọn gùn tó mítà 270. Nínú gbogbo pátíkù tó ń ya wọ inú rẹ̀, nǹkan bí 6 nínú 100 ló jẹ́ káọ́ọ̀nù, ìyókù jẹ́ èrò ọ̀nà. Páyọ́ọ̀nù nìkan ni wọ́n ń rí lẹ́yìn ìtúká náà. Nùtríínò méjèèjì ti gbé owó tiwọn lọ. Owó tó dín yẹn ni ẹ̀rí wọn. Ní oṣù Kẹsàn-án 2024, lẹ́yìn tí wọ́n ti yẹ ohun tí wọ́n kó jọ láti 2016 sí 2022 wò, wọ́n kéde pé àwọn ti rí i dájú: 51 ló jọ ohun tí wọ́n ń wá, wọ́n sì ṣírò pé nǹkan bí 18 nínú rẹ̀ jẹ́ ayédèrú. Ìyẹn gbé e sí nǹkan bí 13 nínú 100 bílíọ̀nù. Ó ju 8 lọ lóòótọ́, àmọ́ 13 yẹn lè fi nǹkan bí 3 lọ sókè tàbí wá sísàlẹ̀. Kò tíì tó ohun tí èèyàn ń lù lágogo.

Báwo ni kíka nǹkan tó ṣọ̀wọ́n ṣe lè fi ohun tuntun hàn wá?

Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ẹ fún mi láyè díẹ̀.

Láyé àtijọ́, ọmọkùnrin kì í dédé dá ọmọbìnrin dúró lójú ọ̀nà. Alárinà ló ń lọ, òun ló ń bọ̀, bí ọ̀rọ̀ bá sì ti wọ̀ tán, á yẹ̀bá. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, ọkọ àti ìyàwó ni gbogbo ojú wà lára wọn. Ká wá ní ẹ mọ gbogbo alárinà tó wà ní àdúgbò kan, ẹ mọ bí ẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe dùn tó, ẹ sì ti ṣírò pé ìgbéyàwó mẹ́ta ni gbogbo wọn lè so pọ̀ lọ́dún. Bí ẹ bá wá ka mẹ́fà, ẹ kò ní láti rí ẹnikẹ́ni kí ẹ tó mọ̀ pé alárinà kan wà níbẹ̀ tí ẹ kò mọ̀. Bó bá sì jẹ́ ẹyọ kan péré lẹ kà, ẹnì kan wà tó ń ba iṣẹ́ wọn jẹ́.

Àwọn pátíkù wúwo tí mo ní wọn kì í yọjú yẹn, alárinà ni wọ́n. Ìdí tí a fi ń ṣọ́ ọ̀nà ìgbẹ́ dípò ọ̀nà márosẹ̀ kò le: níbi tí ẹgbẹ̀rún èèyàn ń gbà, ẹnì kan tó fò mọ́ wọn kò lè hàn, nínú ẹrẹ̀ ọ̀nà oko, ipa ẹsẹ̀ kan tó ṣàjèjì á hàn kedere.

Ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí. Ní ìparí àwọn ọdún 1960, kúákì, ìyẹn àwọn èérún tó para pọ̀ di prótọ́ọ̀nù, káọ́ọ̀nù àti irú wọn, mẹ́ta ni wọ́n mọ̀: up, down àti strange. Ìṣirò tí wọ́n fi mẹ́ta yìí ṣe sọ pé ó yẹ kí irú káọ́ọ̀nù kan máa túká sí múọ́ọ̀nù méjì dáadáa. Wọ́n wò ó títí, kò ṣẹlẹ̀. Iye tí a mọ̀ lónìí jẹ́ nǹkan bí 7 nínú bílíọ̀nù kan. Ní 1970, Sheldon Glashow, John Iliopoulos àti Luciano Maiani sọ pé kúákì kẹrin ló gbọ́dọ̀ wà: alárinà méjì ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ohun tí èyí bá so, tọ̀hún á tú u, díẹ̀ ló ń ṣẹ́kù. Charm ni wọ́n ń pe kúákì kẹrin náà, ẹnikẹ́ni kò sì tíì rí i sójú. Ní oṣù Kọkànlá 1974, ẹgbẹ́ Samuel Ting ní Brookhaven àti ẹgbẹ́ Burton Richter ní Stanford kéde pátíkù kan náà lọ́jọ́ kan náà. Àwọn kan pè é ní J, àwọn kan pè é ní psi, kò sí ẹni tó gbà fún ẹnì kejì, ìdí nìyẹn tó fi ń jẹ́ J/psi títí dòní. Kúákì charm ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú ìdàkejì rẹ̀ (kúákì kọ̀ọ̀kan ló ní ìdàkejì tó bá a dọ́gba ní ìwọ̀n, tí iná ara rẹ̀ sì jẹ́ òdì). Nobel dé ní 1976.

Ohun tí kò ṣẹlẹ̀ ló kọ́kọ́ tú u fó. Ọdún mẹ́rin lẹ́yìn náà ni ojú tó rí i.

Káọ́ọ̀nù yìí kan náà ti dá wàhálà sílẹ̀ ṣáájú ìgbà yẹn. Ní 1964, James Cronin, Val Fitch àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ rí ìtúká 45 nínú nǹkan bí 23,000 tí kò yẹ kó wáyé rárá bí èròjà àti ìdàkejì rẹ̀ bá ń tẹ̀ lé òfin kan náà. Láti tú kókó yẹn ni Makoto Kobayashi àti Toshihide Maskawa fi sọ ní 1973 pé kúákì kò lè dín ní mẹ́fà, nígbà tó jẹ́ pé mẹ́ta péré ni ojú tíì rí. Ẹ̀kẹfà, top, kò jáde títí di 1995, ní Fermilab ní Amẹ́ríkà. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n fi ìtàn kan ṣoṣo gbèjà iṣẹ́ yìí, ti káọ́ọ̀nù ni màá sọ.

Kí ló ṣe Standard Model tí ẹ fi ń wá tuntun?

Standard Model ni orúkọ ìṣirò tí wọ́n fi ń ṣàlàyé gbogbo pátíkù tí a mọ̀. Kò ṣe é ní nǹkan kan, ìyẹn gan-an ni wàhálà rẹ̀. Gbogbo ìdánwò tí wọ́n gbé ka iwájú rẹ̀ ló ń yege. Pátíkù Higgs, tó jẹ́ èyí tó kù nínú ìṣirò rẹ̀, jáde ní CERN ní 2012. Síbẹ̀ kò ní àyè fún òòfà tó ń fa máńgòrò wálẹ̀. Kò sọ ohun tí èròjà òkùnkùn tó pọ̀ lójú ọ̀run ju ohun tí à ń rí lọ jẹ́. Kò sọ bí nùtríínò ṣe rí ìwọ̀n tirẹ̀. Kò sì lè sọ ìdí tí a fi kún ayé nígbà tí ìdàkejì wa kò sí mọ́. Ọmọ tó ń gba 100 nínú gbogbo ìdánwò, tí kì í dáhùn bí ẹ bá bi í pé ta ni bàbá rẹ̀.

LHC, ẹ̀rọ CERN tó ń mú pátíkù sáré kọlu ara wọn, gùn tó kìlómítà 27. Kí ló dé tí wọn kò kàn fi ṣe pátíkù tuntun náà jáde?

Wọ́n ń gbìyànjú rẹ̀. Àmọ́ owó tó wà lápò lèèyàn fi ń nájà: pátíkù tó bá wúwo ju agbára ẹ̀rọ lọ, ẹ̀rọ kò lè rà á. Alárinà ní tirẹ̀, a kò ní rà á. Iṣẹ́ rẹ̀ la máa rí. Inú LHC náà ni wọ́n ti ń ṣe méjèèjì. Pátíkù kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Bs, tó ń di múọ́ọ̀nù méjì ní nǹkan bí ìgbà 4 nínú bílíọ̀nù kan. Nǹkan bí 30 ọdún ni wọ́n fi wá a. LHCb, ọ̀kan nínú àwọn ẹgbẹ́ tó ń ṣiṣẹ́ nídìí LHC, rí àmì rẹ̀ ní 2012. Ní 2015, òun àti CMS, ẹgbẹ́ mìíràn níbẹ̀, jọ kéde pé kò sí iyèméjì mọ́. Iye tí wọ́n kà bá ìṣirò mu, ọ̀pọ̀ àbá tí àwọn ọlọ́gbọ́n ti fi ọdún púpọ̀ hun sì ní láti ká aṣọ wọn kúrò lórí àtẹ.

Kí ni "sígímà" tí wọ́n máa ń tẹnu mọ́?

Òun ni wọ́n fi ń wọn bó ṣe lè ṣòro tó kí èèṣì lásán tan wá jẹ.

Ẹ wo ọ̀pẹ̀lẹ̀. Èso mẹ́jọ ló wà lórí rẹ̀, ojú méjì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ní, ibẹ̀ la ti rí 256 odù. Ìṣirò nìkan ni mo ń sọ o. Ohun tí Ifá ń wí kì í ṣe ti tíṣà físíìsì. Ká ní ojú méjèèjì dọ́gba, Èjì Ogbè á jáde lẹ́ẹ̀kan nínú 256. Kó jáde lẹ́ẹ̀mejì léraléra jẹ́ 1 nínú 65,536. Kó jáde lẹ́ẹ̀mẹta léraléra jẹ́ 1 nínú 16,777,216. Sígímà 3 jẹ́ nǹkan bí 1 nínú 740: ó le ju Èjì Ogbè ẹ̀ẹ̀kan lọ, kò sún mọ́ ẹ̀ẹ̀mejì. Sígímà 5 jẹ́ nǹkan bí 1 nínú mílíọ̀nù 3.5, ó bọ́ sáàárín ẹ̀ẹ̀mejì àti ẹ̀ẹ̀mẹta. Ní sígímà 3 wọ́n á ní "ó jọ bẹ́ẹ̀". Wọn kì í sọ pé "a rí i" àfi tó bá di 5.

Ẹ má sì gbàgbé pé kì í ṣe ẹnì kan ló ń dà á. Bí ẹgbẹ̀rún babaláwo bá da ọ̀pẹ̀lẹ̀ nírọ̀lẹ́ kan náà, Èjì Ogbè á jáde níbì kan, kò sì ní ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu. Àìmọye nǹkan ni àwọn onímọ̀ ń kà lọ́dún. Sígímà 3 kò ní ṣaláì yọ níbì kan.

Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin náà lẹ sọ ní 2021 pé Standard Model ti wó?

Èmi ni. Mo jẹ̀bi.

Bó ṣe rí nìyí. Ẹ̀lẹ́ktróọ̀nù àti múọ́ọ̀nù, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ìwọ̀n nìkan ló yàtọ̀, múọ́ọ̀nù wúwo ju àbúrò rẹ̀ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 207. Standard Model kò fi ọ̀kan ṣe ààyò. Bí pátíkù B bá ń di káọ́ọ̀nù pẹ̀lú múọ́ọ̀nù méjì, ó yẹ kó máa di káọ́ọ̀nù pẹ̀lú ẹ̀lẹ́ktróọ̀nù méjì ní iye kan náà. Ní oṣù Kẹta 2021, LHCb kéde pé kò dọ́gba: tí ti ẹ̀lẹ́ktróọ̀nù bá jẹ́ 100, ti múọ́ọ̀nù jẹ́ nǹkan bí 85. Sígímà 3.1. Láti 2014 ni irú èsì yìí ti ń yọjú díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ló tàn mí. Mo wọ kíláàsì lẹ́sìnnì, mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ gàdàgbà sí pátákó: Ó TI WÓ.

Ní oṣù Kejìlá 2022, LHCb kan náà jáde pé àwọn ti yẹ iṣẹ́ àwọn wò láti ìpìlẹ̀. Àwọn pátíkù mìíràn ló ń wọ aṣọ ẹ̀lẹ́ktróọ̀nù wọlé, tí ẹ̀rọ ń kà wọ́n mọ́ ọn. Nígbà tí wọ́n yọ ayédèrú kúrò, múọ́ọ̀nù àti ẹ̀lẹ́ktróọ̀nù dọ́gba. Ẹ̀rí tí gbogbo ayé ń gbé gẹ̀gẹ̀ pòórá. Èmi bọ̀wọ̀ fún wọn gan-an fún ọjọ́ yẹn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi wó ilé tó sọ wọ́n di olókìkí.

Tèmi ló wá ṣòro. Àwọn ọmọ tí mo sọ ọ́ fún ti kọ WAEC tán, wọ́n ti túká (ìtúká èyí kò ṣọ̀wọ́n). Títí di báyìí, bí mo bá pàdé ọ̀kan nínú wọn, kò ní kí mi tán kó tó béèrè pé, "Tíṣà, ṣé ó ti wó tán?"

Ní 2023, ẹgbẹ́ Belle II ní Japan rí ìtúká mìíràn, B tó di káọ́ọ̀nù pẹ̀lú nùtríínò méjì, ní nǹkan bí ìlọ́po mẹ́rin iye tí ìṣirò sọ. Ó fi sígímà 2.7 jìnnà sí Standard Model. Mi ò kọ ọ́ sí pátákó.

Àwọn kan ń wá ìtúká tí ẹnikẹ́ni kò rí rí. Kí ni wọ́n ń rí jẹ nídìí rẹ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló yẹ kí èyí yé jù. Àwọn bàbá wa ru aṣọ kiri ìlú onílùú, wọ́n tà á láwìn, wọ́n padà dé lọ́jọ́ owó. Bí onígbèsè bá ní kò sí, wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀: òṣó ni àwọn máa ló títí àwọn á fi gbowó àwọn. Òṣómàáló. Àwọn ará ìlú mìíràn fi ń bú wa, àmọ́ wọ́n ń san owó náà.

Òṣómàáló kan wà ní Switzerland, ní Paul Scherrer Institute, MEG lorúkọ rẹ̀. Múọ́ọ̀nù ni onígbèsè. Kì í ṣe àjèjì: láti òkè ojú ọ̀run ni wọ́n ti ń rọ̀ lé wa lórí, nǹkan bí ẹyọ kan ń gba àtẹ́lẹwọ́ yín kọjá ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan bí ẹ ṣe ń ka èyí. Carl Anderson àti Seth Neddermeyer ló rí i ní 1936. Kì í pẹ́ láyé, nǹkan bí ìdá 2.2 nínú mílíọ̀nù kan ìṣẹ́jú àáyá. Ohun tí MEG ń dúró dè ni kí múọ́ọ̀nù kan ṣoṣo di ẹ̀lẹ́ktróọ̀nù pẹ̀lú ìtànṣán kan, láìsí nùtríínò kankan. Nínú ohun tí a mọ̀, kò lè ṣẹlẹ̀ débi tí ojú èèyàn á fi rí i. Ẹyọ díẹ̀ tó dájú, físíìsì tuntun nìyẹn. Ní 2016, wọ́n sọ pé bó bá wà rárá, kò ju ìgbà 4.2 lọ nínú tírílíọ̀nù 10, MEG II sì ti tún sún ààlà náà wálẹ̀ láti ìgbà náà. Ní Fermilab, Mu2e, àti ní Japan, COMET, àwọn tún ń palẹ̀ mọ́ láti dá múọ́ọ̀nù dúró nínú álúmíníọ̀mù, kí wọ́n wò ó bóyá á di ẹ̀lẹ́ktróọ̀nù níbẹ̀.

Gbèsè tó tíì pẹ́ jù ni ti prótọ́ọ̀nù. Ọjọ́ orí àgbáálá ayé jẹ́ nǹkan bí 13.8 bílíọ̀nù ọdún, a kò sì tíì rí prótọ́ọ̀nù tó túká. Òṣómàáló tó gbọ́n kì í lóṣòó ti onígbèsè kan. Á ní ẹgbẹ̀rún. Super-Kamiokande, tó ń ṣiṣẹ́ láti 1996 ní àgbègbè Gifu ní Japan, jẹ́ àgbá omi tọ́ọ̀nù 50,000, kìlómítà kan lábẹ́ òkè, tí ojú ẹ̀rọ tó ń rí ìmọ́lẹ̀, tó lé ní 11,000, ń ṣọ́ ọ tọ̀sán-tòru. Prótọ́ọ̀nù inú omi yẹn ju 1 tí òdo 34 tẹ̀ lé lọ. Wọn kò tíì rí ẹyọ kan tó dájú. Ìyẹn ló fi jẹ́ pé wọ́n lè sọ lónìí pé, bí prótọ́ọ̀nù bá ń gba ọ̀nà tí wọ́n ń ṣọ́ jù túká, ọjọ́ orí rẹ̀ gùn ju ọdún 24 tí òdo 33 tẹ̀ lé lọ.

Ẹ ó ní wọn kò gbowó. Wọ́n gbà á. Ní 1974, Howard Georgi àti Sheldon Glashow gbé àbá kan jáde tó so agbára mẹ́ta inú àgbáyé pọ̀ sí ọ̀kan, ó rẹwà, ọ̀pọ̀ ló gbà á gbọ́. Ó ní prótọ́ọ̀nù kò lè pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Òfo tí àwọn àgbá omi rí ló pa á. Àti pé nígbà tí wọ́n lóṣòó síbẹ̀, owó mìíràn wọlé: Kamiokande àkọ́kọ́ gba nùtríínò ìràwọ̀ tó bú ní 1987, Super-Kamiokande sì fi hàn ní 1998 pé nùtríínò ń yí padà lójú ọ̀nà, ìyẹn ló sọ fún wa pé ó ní ìwọ̀n. Nobel ni méjèèjì.

Ṣé òótọ́ ni pé ibi ìwa wúrà ni wọ́n ti ń ṣe irú iṣẹ́ yìí?

Àwọn kan. Kolar ní Íńdíà, níbi tí wọ́n ti ṣọ́ prótọ́ọ̀nù, ibi ìwa wúrà ni. Homestake ní South Dakota, níbi tí Raymond Davis ti ka nùtríínò oòrùn, ibi ìwa wúrà ni, ó jìn ní nǹkan bíi kìlómítà kan ààbọ̀. Òjò múọ́ọ̀nù tí mo sọ lókè yẹn ni wọ́n ń sá fún. Òkúta ni agboòrùn.

Ẹnì kan bi mí bóyá a lè lo Ìperindó tàbí Ìtagúnmodì. Wúrà wà níbẹ̀, òótọ́ ni, àmọ́ kòtò etí odò ni ọ̀pọ̀ èyí tí mo fojú rí. Múọ́ọ̀nù kò tiẹ̀ ní mọ̀ pé a gbẹ́lẹ̀.

Ṣé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wà ní Ilé-Ifẹ̀?

Ẹ̀rọ tó ń ta pátíkù sáré wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní ilé ìwádìí agbára tí wọ́n ń pè ní CERD. Fóòltì (volt) mílíọ̀nù 1.7 ni agbára iná rẹ̀. Wọ́n ń fi í mọ èròjà tó wà nínú ilẹ̀, nínú èéfín, nínú òkúta àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò wà fún pátíkù tuntun: prótọ́ọ̀nù LHC fi nǹkan bí ìlọ́po mílíọ̀nù 2 lágbára ju èyí tó lè ti inú rẹ̀ jáde. Àmọ́ ọmọ tó bá ti rí i lójú kì í tún bi mí pé ṣé òótọ́ ni nǹkan wọ̀nyí wà.

Ṣé Ọlọ́run lẹ ń wá níbẹ̀?

Rárá.

Àǹfààní wo ló máa ṣe wá?

Wọ́n á sọ fún yín pé CERN ni Tim Berners-Lee ti dá Wẹ́ẹ̀bù sílẹ̀ ní 1989. Òótọ́ ni, mi ò sì fẹ́ràn ìdáhùn yẹn. Ẹni tó ń ka káọ́ọ̀nù kò kà á torí Wẹ́ẹ̀bù. Ìtúká tí kò ṣọ̀wọ́n ti wúlò púpọ̀, òun ni ilé ìwòsàn fi ń ya àwòrán PET láti rí jẹjẹrẹ. Ti èyí tó ṣọ̀wọ́n, ohun tó wà níbẹ̀ ni mímọ ohun tí ayé jẹ́. Bí ìyẹn kò bá tó ẹnì kan, mi ò ní fi àkàrà tàn án.

Ọmọ Iléṣà tó fẹ́ wọ inú iṣẹ́ yìí, ibo ni kó ti bẹ̀rẹ̀?

Ìṣirò kọ́kọ́, kó má sá fún un. Lẹ́yìn náà kọ̀ǹpútà, pàápàá Python, èdè tí wọ́n fi ń pàṣẹ fún un. Nàìjíríà kò sí lára orílẹ̀-èdè ọmọ ẹgbẹ́ CERN, àmọ́ àwọn ètò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kan ń gba ọmọ orílẹ̀-èdè tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́, ilé ẹ̀kọ́ físíìsì ilẹ̀ Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní ASP sì ti ń wáyé láti 2010; ó ti dé Kumasi, Dakar àti Kigali. Láti 2014 ni CERN ti ń gbé àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ẹnikẹ́ni ló lè gbà á.

Ọmọbìnrin kan ní lẹ́sìnnì mi gba ọ̀kan nínú rẹ̀, ìlà 100,000 láti ọ̀dọ̀ CMS, ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ múọ́ọ̀nù méjì tó jáde pọ̀. Dátà mi ló jẹ. A jókòó ti kọ̀ǹpútà, a ṣe ìṣirò ìwọ̀n ohun tó bí méjèèjì, a sì to iye wọn sórí àwòrán láti kékeré dé ńlá. Nígbà tó dé 3.1 (GeV ni wọ́n fi ń wọn ìwọ̀n pátíkù), ìlà náà dédé yọrí sókè bí òkè. Ó bi mí pé kí nìyẹn. Mo ní J/psi ni, èyí tí Ting àti Richter rí ní 1974. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ ká lọ síwájú." Mo sọ fún un pé òkè mìíràn wà ní 91, Z lorúkọ rẹ̀. NEPA mú iná lọ nígbà tí a dé 40.